Àwọn àmì àṣìlò oògùn lára aláìsàn

Àṣìlò oògùn ni kí ènìyàn lo oògùn tí dókítà kọ ju bó ṣe yẹ lọ, kó lò ó torí kó lè yó, tàbí kó máa lo èyí tí wọ́n kọ fún ẹlòmíràn. Ní Nàìjíríà, tramadol, kodéìnì àti pẹntasosíìnì, tí í ṣe oògùn ìrora, wà lára èyí tí wọ́n ń ṣì lò jù. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe àti kíkó oògùn ikọ́ oníkodéìnì wọlé.

Ẹni tí oògùn ọ̀hún wà lára rẹ̀ á máa tòògbé, ara á máa yún un, ìgbẹ́ kì í sì í tètè yà á. Ọmọlójú rẹ̀ á kéré jọjọ, kódà níbi tí ìmọ́lẹ̀ ò pọ̀. Bí oògùn bá tán lára, á bẹ̀rẹ̀ sí í yán léraléra, imú á máa ṣomi, òógùn á bò ó, ìgbẹ́ gbuuru á dé. Ti tramadol yàtọ̀ díẹ̀: àpọ̀jù rẹ̀ lè fa gìrì. Ọ̀dọ́ tí kò ní wárápá rí tó sì ṣàdédé ní gìrì, ó yẹ kí wọ́n bi í bóyá ó lò ó. Mílígírámù 400 ni òṣùwọ̀n tí àgbàlagbà ò gbọ́dọ̀ kọjá lóòjọ́.

Ìwà náà ń sọ̀rọ̀. Ìwé oògùn ń sọnù lemọ́lemọ́, aláìsàn ń padà wá kí ọjọ́ tó pé, tàbí ẹnì kan ti fi òdo kún 10 tí dókítà kọ sínú ìwé náà kó di 100. Àmọ́ níbi tí kẹ́mísìtì bá ti ń tà á láìbéèrè ìwé, fáìlì ilé ìwòsàn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ nǹkan kan.

Àwọn tó ní àrùn sickle cell wà lára àwọn tí wọ́n máa ń fura sí láìtọ́, torí pé wọ́n mọ orúkọ abẹ́rẹ́ tó ń bá wọn lára mu, wọ́n sì ń dárúkọ rẹ̀. Bí ariwo aláìsàn bá dákẹ́ nígbà tí wọ́n fún un ní oògùn ìrora tó tó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìrora ló ń pariwo. Ti pẹntasosíìnì tí ènìyàn ń gún fúnra rẹ̀, ẹ wo itan àti apá: awọ ibẹ̀ á le, egbò tí kì í jinná á yọ. DSM-5, ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2013, ka àmì 11 tí wọ́n fi ń mọ ẹni tí àṣìlò oògùn ti di àìsàn sí lára. Bí méjì nínú wọn bá hàn láàárín oṣù 12, ó ti tó. Ṣùgbọ́n kí oògùn mọ́ ara, tàbí kí ara máa ni í bí oògùn bá tán, kò sí nínú òǹkà bí aláìsàn bá ń lò ó bí dókítà ṣe ní kó lò ó.

Àyẹ̀wò ìtọ̀ tí wọ́n fi ń wá mọ́fíìnì, oògùn ìrora líle, kì í sábà mú tramadol. Tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni wọ́n ń ṣe.