Kí bọ́ọ̀sì àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tó kúrò l'Abuja, àti lẹ́yìn tó bá padà dé

Tó bá ti di oṣù kẹjọ, tí ilé ìwé ti lọ họ́lídè, èèyàn á máa rí wọn láàárọ̀ Sátidé níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ní Lugbe, ní Gwarinpa, ní Nyanya, àwọn ọmọ ọdún mẹ́tàlá sí mẹ́tàdínlógún, wọ́n wọ tíṣáàtì aláwọ̀ kan náà, páálí ìńdómì àti ẹní wà lórí bọ́ọ̀sì, ìyá kan á sì máa pariwo pé kí ọmọ òun má gbàgbé súwẹ́tà o. Míṣọ̀n ni wọ́n ń lọ yẹn, ìyẹn ìrìnàjò tí ṣọ́ọ̀ṣì fi ń kó ọ̀dọ́ lọ ṣèrànwọ́ àti iṣẹ́ ìsìn lábúlé. Ọ̀pọ̀ òbí rò pé ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n sanwó, ọmọ lọ, ọmọ dé, ọmọ ti gbọ́n. Kì í rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n ń lò lábúlé ló kéré jù nínú iṣẹ́ ọ̀hún, tí wọn ò bá sì ṣe ti iwájú ẹ̀ àti ti ẹ̀yìn ẹ̀ dáadáa, píkínìkì lásán ni wọ́n lọ ṣe.

Nǹkan bí oṣù mẹ́ta ṣáájú làwọn tó ń darí ọ̀dọ́ á ti máa wá abúlé. Nígbà kan wọ́n lè ní ìhà Kaduna làwọn ń lọ, ṣùgbọ́n látìgbà táwọn ajínigbé ti gba ọ̀nà yẹn, tí wọ́n tún wá kọlu reluwé Abuja sí Kaduna ní 28 March 2022, òbí wo ló fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀. Torí náà inú FCT, ìyẹn agbègbè olú-ìlú Abuja, lọ̀pọ̀ ń dúró sí, lápá Kwali, Abaji tàbí Gwagwalada, láwọn abúlé Gbagyi, Bassa àti Gade tí wọ́n ti wà níbẹ̀ tipẹ́ kí òfin 1976 tó sọ ilẹ̀ wọn di ti olú-ìlú. Ibẹ̀ náà, wọ́n á kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ará àdúgbò bí ọ̀nà ṣe rí, ojúmọmọ nìkan ni wọ́n sì ń rìn. Kò jìnnà rárá, àmọ́ ọmọ tí wọ́n bí s'Abuja, tó jẹ́ pé ilé, ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ọ̀lù nìkan ló mọ̀, á rò pé òun ti dé ìpẹ̀kun ayé.

Èèyàn méjì tàbí mẹ́ta á kọ́kọ́ lọ kí màì-àngúwà, ìyẹn baálẹ̀ àdúgbò, wọ́n á mú obì dání, wọ́n á jókòó, wọ́n á sọ tẹnu wọn. Wọ́n á tún rí pásítọ̀ ìjọ kékeré tó wà níbẹ̀, ó lè jẹ́ ECWA, ó lè jẹ́ Bàptíìsì tàbí Áńgílíkà, torí òun gan-an ló niṣẹ́, òun ló máa kù síbẹ̀ tí bọ́ọ̀sì bá ti lọ tán. Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi wọ́n ò ju ẹyọ kan lọ: kí lẹ nílò? Ibí yìí lọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ti máa ń ṣìṣe, wọn kì í bèèrè, wọ́n á kàn kó báàgì aṣọ àlòkù mẹ́wàá lọ fún abúlé tó jẹ́ pé ọwọ́ pọ́ǹpù bohóòlù wọn ló ti kán látọjọ́ yìí. Wọ́n á dúpẹ́ o, wọ́n á gba aṣọ, wọn ò sì ní sọ nǹkan kan.

Nílé, fọ́ọ̀mù ń lọ. Lójú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, ẹni tí ò tíì pé ọdún méjìdínlógún, ọmọdé ni, kò lè fọwọ́ síwèé fúnra ẹ̀, òbí ló máa fọwọ́ sí i. Fọ́ọ̀mù á bèèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ ọmọ jẹ́ AA, AS tàbí SS, bóyá ó ní ikọ́ fée, oògùn wo ni ara ẹ̀ kì í gbà, ta ni kí wọ́n pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Àwọn òbí kan máa ń fi SS pamọ́ torí kí wọ́n má bàa ní kí ọmọ jókòó sílé, ewu ńlá sì nìyẹn, nítorí òtútù òjò òru àti omi tí ọmọ ò mu tó lójú oòrùn ló máa ń dá ìrora sílẹ̀ fún irú wọn. Ọmọ SS lè lọ tí nọ́ọ̀sì bá ti mọ̀ ṣáájú.

Owó ńkọ́? Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tó gbọ́n kì í jẹ́ kí dádì kàn fi tírańsífà ránṣẹ́. Àwọn ọmọ á fọ mọ́tò lẹ́yìn ìsìn, wọ́n á ta zobo àti ṣinṣín, owó á wọ àpò kan ṣoṣo, ẹnikẹ́ni ò ní mọ ọmọ ta ló mú púpọ̀ wá àti ọmọ ta ni bàbá ẹ̀ ò tíì gbowó oṣù. Ọmọ tó ti ta zobo lóòrùn fún Sunday mẹ́fà mọ iye tí epo bọ́ọ̀sì jẹ́, kò ní máa da oúnjẹ nù lábúlé.

Tí wọ́n bá wá débẹ̀, iṣẹ́ á pín. Dókítà àti nọ́ọ̀sì ìjọ ló ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, àwọn ló ń yẹ ibà wò, àwọn ló ń fún èèyàn lóògùn, ọmọdé kankan kì í fọwọ́ kan oògùn. Tàwọn ọmọ ni kí wọ́n kọ orúkọ sílẹ̀, kí wọ́n to ìlà, kí wọ́n bá àwọn àgbàlagbà gbé bẹ́ǹṣì, kí wọ́n kó àwọn ọmọ kéékèèké jọ fún orin àti ìtàn. Mùsùlùmí wà lórí ìlà, abọ̀rìṣà wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló ń gba ìtọ́jú kan náà, wọn kì í sì í sọ pé ẹ gbọ́ ìwàásù ká tó fún yín ní pánádó. Ibi tí wọ́n bá ti ń ṣèyẹn, oògùn ni wọ́n fi ń ra èèyàn.

Ibi tí nǹkan gidi ti ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ò tiẹ̀ sí nínú ètò. Èdè ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá Abuja, Yorùbá ò já gaara lẹ́nu wọn, Haúsá wọn ò kọjá “sannu” àti “nagode”, Gbagyi ni ká má tiẹ̀ sọ. Ọmọ tó ń gba A nílé ìwé á wá dúró níwájú ogún èèyàn, kò lè sọ nǹkan kan, àfi kó máa wo ẹnu ọmọbìnrin ọlọ́dún méjìlá kan tí ò wọ bàtà, tó gbọ́ Gbagyi, tó gbọ́ Haúsá, tó tún gbọ́ Òyìnbó díẹ̀, tó ń túmọ̀ fún un. Ọmọ yẹn lọ̀gá lọ́jọ́ náà. Kò sí ìwàásù tó lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Tó bá tún di kí wọ́n lọ pọnmi, àwọn obìnrin Gbagyi máa ń gbé ẹrù sórí èjìká ni, wọn kì í gbé e sórí, àwọn ọmọ ìlú ńlá á fẹ́ gbìyànjú ẹ̀, omi á dà sí wọn lára, gbogbo abúlé á bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn lọ, àlejò tó mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ àlejò ni wọ́n.

Ìdí tí irú ìrìnàjò yìí fi ń wọ ọmọ ọdún yẹn lára ju àgbàlagbà lọ ò le rárá. Nílé, kò sẹ́ni tó ń retí nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀ ju kó yege ìdánwò, jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, oúnjẹ ti jinná. Lábúlé, tí ò bá kọ orúkọ, ìlà ò ní lọ. Àgbàlagbà tí kì í ṣe bàbá tàbí ìyá ẹ̀ ló tún ń wo bó ṣe ń ṣe é, nígbà míì ọmọ tí wọ́n ní kì í sọ̀rọ̀ ni wọ́n á rí pé òun ló ń tún gbogbo nǹkan tò.

Àwọn Yorùbá fúnra wọn mọ bó ṣe ń rí kí àlejò wá bá èèyàn nílé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà l'Abuja, ará Kogi ni wọ́n, àwọn Òkun, ní 1908 ni Tommy Titcombe, míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ SIM, sì dé Egbe ní ilẹ̀ Yàgbà. Ohun tí wọ́n fi ń rántí ẹ̀ di bá a ṣe ń wí yìí ni pé ó jókòó tì wọ́n, ó pẹ́ níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Èyí ló ń dá àwọn kan lọ́kàn rú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kurt Ver Beek wádìí àwọn ọmọ ìjọ láti Amẹ́ríkà Àríwá tó lọ kọ́lé ní Honduras lẹ́yìn ìjì Mitch ti 1998, wọ́n ní ìrìnàjò yẹn yí ayé àwọn padà, àmọ́ nígbà tó wo owó tí wọ́n ń dá fún iṣẹ́ náà lẹ́yìn náà, kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i. Ti Abuja náà lè rí bẹ́ẹ̀, fọ́tò á kún Facebook, tó bá di oṣù kẹwàá kò sẹ́ni tó rántí orúkọ abúlé.

Ohun tó ń dín irú ìgbàgbé bẹ́ẹ̀ kù ò ṣòro, ó kàn ń gba sùúrù ni. Lálaalẹ́ níbẹ̀, wọ́n á jókòó yíká, ọmọ kọ̀ọ̀kan á sọ ohun tó rí àti ohun tó bí i nínú, kì í ṣe ẹ̀rí tó ń dùn nìkan. Tí wọ́n bá dé, wọ́n á dúró níwájú ìjọ sọ iye owó tó wọlé àti bí wọ́n ṣe ná an. Pàtàkì jù, abúlé kan náà ni wọ́n á padà sí lọ́dún tó ń bọ̀, kì í ṣe tuntun.

Ọdún kejì yẹn ni ará abúlé máa ń tó lanu sọ òótọ́. Wọ́n á ní ẹ ṣeun o, àmọ́ oṣù kẹjọ tẹ́ ẹ ń wá yìí, oko là ń wà láàárọ̀, iṣu àti ọkà bàbà ò jẹ́ ká gbádùn yín, ẹ ò bá máa wá lẹ́yìn ìkórè. Lẹ́yìn ìkórè sì rèé, oṣù kejìlá ni, ìgbà tí ìdajì àwọn ọmọ náà ti ń bá òbí wọn lọ s'Ìbàdàn tàbí Ìlọrin fún Kérésì. Lójú kọ̀mítíì ọ̀dọ́, ìjà ọdún kẹta nìyẹn: ká dín iye ọmọ tó ń lọ kù ni, àbí ká tún lọ jókòó sínú ilé tí ò séèyàn?