Omi Kọ́ Ló Pa Houdini

Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti dárúkọ Houdini, onídán tó máa ń tú ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìdè, lẹ́nì kan máa ń sọ pé inú omi ló kú sí: wọ́n so ó lẹ́sẹ̀ kọ́, wọ́n kì í bọ àpótí onígíláàsì, kò sì rọ́nà jáde. Ó ń bí mi nínú. Fíìmù kan tó jáde ní 1953 ló pa á sínú àpótí omi, àwọn èèyàn sì gbé e mì káló.

Káàdì ni ọkùnrin yìí fi bẹ̀rẹ̀. Budapest ni wọ́n bí i sí ní 1874, Amẹ́ríkà ló dàgbà sí, "Ọba Káàdì" ló sì ń pe ara rẹ̀. Ní 1899, Martin Beck, tó ń gba òṣèré fún àwọn ilé tíátà vaudeville (eré orin, àwàdà àti idán), rí i ní Minnesota, ó ní kó gbájú mọ́ títú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀. Òkìkí dé. Ó di 1912 kí àpótí omi tó dé.

Lóòótọ́, àpótí yẹn ṣe é léṣe: ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kán nídìí ẹ̀ ní Albany, lóṣù Kẹwàá 1926. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn kan ní Detroit ló kú sí, lọ́jọ́ 31 oṣù náà. Apẹ́ńdíìsì rẹ̀, àpò kékeré tó so mọ́ ìfun, ló bẹ́, tí ìdọ̀tí ẹ̀ tàn ká inú.

Ẹ̀ṣẹ́ ló wá di àríyànjiyàn. Ní Montreal, lọ́jọ́ 22, akẹ́kọ̀ọ́ kan bi í bóyá lóòótọ́ ni ẹ̀ṣẹ́ kì í ràn án níkùn. Houdini fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí àga nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò tíì múra, ni ọmọkùnrin náà bá kó ẹ̀ṣẹ́ bò ó. Gbogbo ayé ní ẹ̀ṣẹ́ ló fà á. Ilé iṣẹ́ ìbánigbófò pàápàá gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n san owó ìjàǹbá fún ìyàwó rẹ̀. Ṣé ìyẹn wá di ẹ̀rí dókítà? Ohun tó sábà ń fa àrùn yìí ni kí ẹnu àpò kékeré náà dí, kí kòkòrò àrùn sì gbilẹ̀ nínú ẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an kí ẹ̀ṣẹ́ fà á. Àyẹ̀wò inú rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ yẹn nìkan ló lè yanjú ọ̀rọ̀ náà, kò sì sí i. Lójú tèmi, ó ṣeé ṣe kí àrùn ti wà nílẹ̀, kí Houdini sì máa rò pé ìrora ẹ̀ṣẹ́ lásán ni.

Ohun tó dájú ni pé ó fi ibà ṣeré lórí ìtàgé ní Detroit lọ́jọ́ 24, ọjọ́ kejì ni wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un, kò sì tíì sí penicillin, oògùn apakòkòrò àrùn, nígbà náà. Tí inú bá ń run yín nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, tí ara sì ń gbóná, ẹ má lo oògùn ìyàgbẹ́ o. Ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn.