Eré àti Iṣẹ́ Ọnà ní Mbárí Mbáyọ̀, Òṣogbo

Mbárí Mbáyọ̀ ni ilé àṣà àti iṣẹ́ ọnà tí Dúró Ládiípọ̀, òṣèré orí ìtàgé, àti Ulli Beier, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, dá sílẹ̀ ní Òṣogbo ní ọdún 1962. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà kan sì ti ń jẹ́ ẹ ní Ìbàdàn láti ọdún 1961, ṣùgbọ́n bí ó ti dé etí àwọn ará Òṣogbo ni wọ́n sọ ọ́ di tiwọn: "M bá rí, m bá yọ̀." Irú ìfọ̀rọ̀ṣeré bẹ́ẹ̀ bá ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ilé náà mu gan-an.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, eré, ni Yorùbá ń lò fún èyí tí ọmọdé ń ṣe lábẹ́ òṣùpá àti èyí tí òṣèré ń ṣe lórí ìtàgé. Ìtumọ̀ méjèèjì pàdé ní Òṣogbo, nítorí pé inú ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládiípọ̀, tó gbé eré ìtàgé Ọba Kò So jáde ní ọdún 1963, ni púpọ̀ nínú àwọn ayàwòrán Mbárí Mbáyọ̀ ti wá. Òṣèré ni Rufus Ogundele. Muraina Oyelami ń ṣeré, ó sì ń lùlù. Jimoh Buraimoh ló ń mójú tó iná ìtàgé.

Denis Williams, ọmọ ilẹ̀ Guyana, ló darí àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìṣáájú ní ọdún 1962 àti 1963. Georgina Beier, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, darí ti ọdún 1964. Wọn kò gbé àwòrán kankan kalẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ láti wò kọ. Ọ̀dà, búrọ́ọ̀ṣì àti pátákó ni wọ́n kó fún wọn, wọ́n sì ní kí oníkálùkù máa dán ohun tó bá wá sí i lọ́kàn wò láìbẹ̀rù àṣìṣe. Ìdí tí ọ̀nà yìí fi so èso ni pé ẹni tó ń ṣeré kò ní ohun tí yóò pàdánù bí àwọ̀ kan kò bá bá èkejì mu. Yóò nù ún kúrò, tàbí kí ó tẹ̀ lé e lọ síbi tí kò rò tẹ́lẹ̀. Buraimoh mú ìlẹ̀kẹ̀, irú èyí tí a fi ń ṣe adé ọba, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó, ó sì sọ ọ́ di àwòrán. Adebisi Fabunmi fi òwú ṣe tirẹ̀.

Àwọn alárìíwísí kan sọ pé ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ àwọn ayàwòrán Òṣogbo kò lágbára tó, pàápàá bí a bá fi wọ́n wé àwọn tó gboyè nínú iṣẹ́ ọnà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Zaria, àti pé ojú òyìnbó ni wọ́n fi ń yan ohun tó dára. Àríwísí kejì wúwo ju èkíní lọ. Ní ti èkíní, eré kọ́ ni gbogbo rẹ̀: lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni iṣẹ́ àṣekára bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Georgina Beier ń bá ẹnì kọ̀ọ̀kan jókòó láti mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an nínú ohun tó ti dán wò, kí ó lè tẹra mọ́ ọn.

Ijó ló gbé Twins Seven Seven dé Mbárí Mbáyọ̀ ní ọdún 1964, kò sì tíì ya àwòrán rí tó lórúkọ. Àwọn iwin àti ẹranko tó fi yíǹkì yà, tí ilà tín-ín-rín bo gbogbo ara wọn, gbé e káàkiri àgbáyé, àjọ UNESCO sì fi oyè Oníṣẹ́ Ọnà fún Àlàáfíà dá a lọ́lá ní ọdún 2005. Síbẹ̀, kò fi orin àti ijó sílẹ̀ nítorí àwòrán.