Bí egbò igi ṣe ń gba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín lọ́wọ́ oògùn

Ọ̀pọ̀ oògùn tí ènìyàn bá gbé mì, ẹ̀dọ̀ ló ń kọ́kọ́ gbà kọjá kó tó tàn ká ara. Ẹ̀dọ̀ ni aṣọ́bodè: yóò tú ẹrù wò, yóò sì pa á dà kí ara lè rí i tọ̀ dànù. Ibi tí wàhálà wà ni pé, nígbà mìíràn, ohun tí ẹ̀dọ̀ pa oògùn dà sí a máa burú ju oògùn náà fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ wo parasítámọ̀. Bí àgbàlagbà bá lò ó níwọ̀n, tí kò ju gíráàmù 4 lọ lóòjọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ yóò bá ìtọ̀ lọ láìṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Díẹ̀ ló ń gba ẹ̀yìnkùlé: ẹnsáìmù (èròjà ara tó ń pa nǹkan dà) kan tó ń jẹ́ CYP2E1 yóò sọ ọ́ di májèlé tí wọ́n ń pè ní NAPQI. Ẹ̀dọ̀ ní ohun tó fi ń kápá rẹ̀, ìyẹn glutathione, tó ń lẹ̀ mọ́ májèlé náà títí oró rẹ̀ yóò fi rọ̀. Àmọ́ glutathione kì í ṣe omi òkun. Bí parasítámọ̀ bá ti pọ̀ jù, yóò gbẹ, NAPQI yóò sì dojú kọ sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, pàápàá ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe agbára tó ń lò. Sẹ́ẹ̀lì á kú, ohun inú rẹ̀ á sì dà sínú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi ń wá ALT àti AST, ẹnsáìmù méjì. Inú sẹ́ẹ̀lì ni ilé wọn. Bí wọ́n bá ti ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ògiri ti lanu nìyẹn.

Ti kíndìnrín yàtọ̀. Gentamicin, oògùn abẹ́rẹ́ tó ń pa kòkòrò àìsàn, máa ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì àwọn ọ̀pá tín-ín-tìn-ìn-tín inú kíndìnrín, yóò sì máa kó jọ síbẹ̀. Bí wọ́n bá ti bàjẹ́, ìdọ̀tí tó yẹ kó bá ìtọ̀ jáde, bíi creatinine, yóò padà sínú ẹ̀jẹ̀.

Níbo wá ni egbò ti wọlé? Àwọn èròjà inú rẹ̀ lè ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé yẹn pa, kí CYP2E1 má lè ṣe májèlé. Wọ́n sì lè pa oró àwọn èròjà oníjàgídíjàgan tó ń ba ara sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Èyí tó dára jù ni kí wọ́n ta sẹ́ẹ̀lì jí kó ṣe glutathione púpọ̀ sí i. Curcumin inú ata ilẹ̀ pupa (turmeric) wà lára àwọn tí ilé ìwádìí ti rí i pé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ (ká sòótọ́, ata ilẹ̀ pupa kì í ṣe egbò gan-an, ara igi ewéko náà tó ń dàgbà sábẹ́ ilẹ̀ ni). Títi ilẹ̀kùn pa ni kò rọrùn tó bó ṣe dún: oògùn mìíràn tó yẹ kí ẹnsáìmù kan náà tú palẹ̀ yóò máa kó jọ lára.

Nílé ìwádìí, wọ́n á fọ egbò, wọ́n á sá a sábẹ́ ibòji, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á sì rẹ ẹ́ sínú omi tàbí ọtí líle fún ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á jẹ́ kí omi rẹ̀ fà títí yóò fi ki bí oyin dúdú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pín eku sí ọ̀wọ́: àwọn kan kò ní gba nǹkan kan, àwọn kan yóò gba oògùn nìkan, àwọn yòókù yóò gba oògùn pẹ̀lú egbò. Bí ALT ọ̀wọ́ ìkẹyìn kò bá lọ sókè tó ti èkejì, tí ẹ̀dọ̀ wọn sì dára lábẹ́ awò asọhun-kékeré-di-ńlá, wọ́n á ní egbò náà dáàbò bò ó.

Ìṣirò ibẹ̀ yẹ ní wíwò. Ká ní eku gba mílígíráàmù 400 oje egbò tó ti ki fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n. Wọ́n máa ń fi 6.2 pín ti eku kó tó di ti ènìyàn. Èyí jẹ́ bíi mílígíráàmù 65 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó wọn kílò 60 yóò nílò nǹkan bíi gíráàmù 3.9 oje tó ti ki yẹn. Bí gíráàmù 100 egbò gbígbẹ bá ń mú gíráàmù 10 oje wá, egbò gíráàmù 39 nìyẹn lójúmọ́.

Egbò fúnra rẹ̀ sì lè jẹ́ apani. Ní Bẹ́ljíọ̀mù, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n ṣèèṣì fi egbò Aristolochia fangchi rọ́pò Stephania tetrandra nínú oògùn tí wọ́n fi ń dín sísanra kù, nítorí pé orúkọ wọn jọra ní èdè Ṣáínà. Kíndìnrín nǹkan bí 100 obìnrin ló bàjẹ́. Jẹjẹrẹ sì mú àwọn kan lára wọn lẹ́yìn náà.

Ohun kan tún wà tí àkọlé ìwádìí kì í sábà sọ: lọ́pọ̀ ìgbà, eku ti ń mu egbò fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí wọ́n tó fún un ní májèlé. Ẹni tó ti gbé parasítámọ̀ púpọ̀ mì kò ní ọ̀sẹ̀ kan nílẹ̀. Ohun tí ilé ìwòsàn máa ń fún un láti àwọn ọdún 1970 ni N-acetylcysteine, èròjà tí ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe glutathione tuntun. Kò tilẹ̀ bìkítà fún ẹnsáìmù; ó kàn ń dá ohun tó tán padà sínú àká. Bó bá wọ ara kí wákàtí 8 tó pé, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ̀dọ̀ tó bàjẹ́ gidi.