Ìlà Eérú Ara Táyà Kẹ̀kẹ́: Bó Ṣe Ń Dá Iná Mọ́tò Padà Lálẹ́

Bí èèyàn bá ń wá táyà kẹ̀kẹ́ ológeere tí awakọ̀ yóò fi tètè rí i lálẹ́, èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ funfun báláú ni ọwọ́ sábà máa ń lọ bá ní ṣọ́ọ̀bù. Èyí tó yẹ kó mú wà nítòsí ibẹ̀: dúdú ni, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní àwọ̀ eérú ló yí i ká, kò sì fani mọ́ra rárá lójú ọ̀sán. Rọ́bà aláwọ̀ funfun lásán ni ti àkọ́kọ́ yẹn. Ẹwà ló wà fún.

Ìyàtọ̀ méjèèjì ò ju ohun tí iná ń ṣe lẹ́yìn tó bá kàn wọ́n. Ẹ fi iná mọ́tò wé ọmọ tí a rán níṣẹ́. Bó bá kan rọ́bà funfun, ṣe ló máa tú ká síbi gbogbo, bí ọmọ tó ń rojọ́ fún gbogbo ẹni tó bá pàdé lọ́nà. Ìwọ̀nba bíńtín ló máa kù tó máa dé ọ̀dọ̀ ẹni tó rán an. Bó bá kan ríìmù tó ń dán bíi dígí, ó máa jíṣẹ́ tán ni, á sì gba ilé ẹlòmíràn lọ, àfi bí ẹni tó rán an bá ṣèèṣì dúró síwájú rẹ̀ gan-an. Ìlà eérú nìkan ló ń mú kí ọmọ náà yí padà tààrà sọ́dọ̀ ẹni tó rán an, ibi yòówù kó dúró sí. Ojú awakọ̀ kò sì jìnnà sí iná mọ́tò rẹ̀, nítorí náà iná tó padà wá máa ń bá a.

Inú ìlẹ̀kẹ̀ ni ọgbọ́n náà wà. Ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì róbótó-róbótó ló tò sínú ìlà yẹn, ọ̀kẹ́ àìmọye wọn, wọ́n sì kéré débi pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò fẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Ìdajì ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan rì sínú gọ́ọ̀mù, ìdajì yòókù yọjú síta. Ẹ̀yìn tó rì yẹn ni wọ́n fi alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò, òun ló sì ń fún ìlà náà ní àwọ̀ eérú lójú ọ̀sán. Bí iná bá wọ iwájú ìlẹ̀kẹ̀, gíláàsì á tẹ̀ ẹ́ kórajọ sójú kan lẹ́yìn, á kan alumíníọ̀mù, á ta padà, á tún tẹ̀ bó ṣe ń jáde, á sì di ojú ọ̀nà tó bá wá mú. Nítorí pé ìlẹ̀kẹ̀ rí róbótó, ẹ̀gbẹ́ tó bá wù kí iná ti wọlé, bákan náà ló rí. Kò sí bátìrì, kò sí wáyà, kò sí ohun tó lè jó. Schwalbe àti Continental, àwọn ilé iṣẹ́ táyà Jámánì, máa ń kọ Reflex sára táyà wọn tó bá ní ìlà yìí.

Ẹ lè dán an wò kí ẹ tó sanwó. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, ẹ gbé e sí ẹ̀bátí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, kí ẹ fi bíi mítà 4 jìnnà sí táyà náà. Ojúlówó á tàn yòò. Ẹ wá sọ tọ́ọ̀ṣì náà kalẹ̀ dé ìbàdí, kí ojú ṣì wà lára táyà: ojúlówó á ṣú wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí pé iná ti ń padà sí ìbàdí, kì í ṣe sójú mọ́. Funfun lásán kò ní fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ohun kan náà ló fà á tí awakọ̀ tírélà, tí ìjókòó rẹ̀ ga fíofío ju iná ọkọ̀ rẹ̀ lọ, kì í fi í rí ìlà náà tó bí awakọ̀ mọ́tò kékeré ṣe ń rí i, pàápàá bí ọkọ̀ bá ti súnmọ́.

Òrùka tó pé yípo, bí irú ìlà yìí, dára ju ike kéékèèké tó ń dá iná padà lára sípóòkù lọ. Ike yẹn á kàn máa hàn bí ẹyọ iná kan tó ń yí bírí, awakọ̀ á sì kọ́kọ́ máa rò ó pé kí lèyí. Òrùka méjì tó tẹ̀lé ara wọn kò nílò àlàyé, kẹ̀kẹ́ ni. Òfin ìrìnnà Jámánì mọ èyí, ó sì gba oníkẹ̀kẹ́ láyè láti yan ọ̀kan: òrùka funfun tó ń dá iná padà lára táyà tàbí ríìmù, tàbí ike aláwọ̀ ìyeyè méjì lára ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, tàbí ọ̀pá funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi bọ gbogbo sípóòkù. Òfin tó mọ́gbọ́n dání ni.

Ohun tó ń bí ni nínú ni ẹni tó ra táyà yìí tán tó wá bọ́ iná kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni òrùka wà. Mọ́tò tó ń bọ̀ gan-an lẹ́yìn kò lè rí i, orí táyà nìkan ló kọjú sí i. Mọ́tò tí kò tíì kọjú iná sí ibi tí kẹ̀kẹ́ wà kò tíì rán ọmọ kankan níṣẹ́, kí ló máa padà? Ìwé òfin ìrìnnà Bírítéènì ṣírò rẹ̀ pé mọ́tò tó ń sá máìlì 30 ní wákàtí kan máa rin mítà 23 kó tó lè dúró. Bí òrùka bá wá wọ inú iná mọ́tò náà nígbà tó ku mítà 15, yóò tàn, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Òjò náà ń dín agbára rẹ̀ kù, torí omi tó bá bo ojú ìlẹ̀kẹ̀ kì í jẹ́ kí iná kórajọ síbi tó yẹ mọ́. Ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí oòrùn ti ń wọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù nínú oṣù Kejìlá, iná funfun níwájú àti pupa lẹ́yìn ṣì jẹ́ dandan lábẹ́ òfin, pẹ̀lú ike pupa tó ń dá iná padà lẹ́yìn.

Ní ti ìwọ̀n, ẹ má tẹ̀lé ínṣì. Ẹ wá nọ́ńbà tó rí bíi 37-622 lára táyà àtijọ́: 37 ni bó ṣe fẹ̀ tó, 622 ni ìwọ̀n ibi tó ti jókòó sára ríìmù láti etí dé etí, ní mìlímítà. Táyà ínṣì 28 lè jẹ́ 622, ó sì lè jẹ́ 635, ti Raleigh gíga tí àwọn bàbá wa ń gùn lọ sóko. Ínṣì 26 lè jẹ́ 559 tàbí 590. Kò sí agbára tó lè mú ọ̀kan wọ ríìmù èkejì.

Ẹ wo ọfà tó wà lára táyà kí ẹ tó fi í sí i, òun ló ń sọ apá ibi tó gbọ́dọ̀ máa yí sí. Bí kẹ̀kẹ́ bá ń lo dáínámò tó ń fara kan táyà, ẹ rí i pé orí rẹ̀ kò bọ́ sórí ìlà; yóò họ ìlẹ̀kẹ̀ dànù. Bíréèkì tó yẹ̀, tó ń kan rọ́bà dípò ríìmù, àti bèbè títì tí táyà ń ha mọ́, ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ẹrẹ̀ kì í bà á jẹ́, ó kàn ń bò ó ni: aṣọ tútù àti ọṣẹ díẹ̀ ti tó. Ẹ má fi epo bẹntiróòlù tàbí bùrọ́ọ̀ṣì onírin kàn án. Bí ìlà bá ti họ tán tí orí táyà ṣì dára, kò sídìí láti jù ú nù. Ẹ ra ọ̀pá sípóòkù yẹn, kí ẹ fi bọ gbogbo sípóòkù pátá, torí bí ẹ bá fo àwọn kan, òrùka náà á já.