Kí async tó dé: ibi tí Node.js ti ṣẹ̀ wá

Àwa tá à ń kọ kóòdù lónìí, async await (ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ kí kóòdù dúró de ohun tó pẹ́, bíi fáìlì tàbí nẹ́tíwọ̀kì, láìdí iṣẹ́ yòókù lọ́wọ́) la kàn ń tẹ̀ bí ẹni ń jẹ gúgúrú, a ò tiẹ̀ bèèrè bó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ dídúró ló bí i. Nígbà tí Apache, sáfà tó ń gbé sáítì fáwọn èèyàn, ṣì ń jọba, ẹni tó bá ti wọ sáítì, sáfà á yan process kan (ẹ̀dà ètò kan tó ń ṣiṣẹ́) tì í, process yẹn ò sì ní kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀, bí nẹ́tíwọ̀kì onítọ̀hún ń wọ́ bí ìgbín ó ṣáà máa dúró ni, ó sì ń jẹ mẹ́mórì lọ. Èèyàn ọgọ́rùn-ún, kò sí wàhálà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Ohun tí Dan Kegel, oníṣẹ́ kóòdù kan, gbé síta ní 1999 nìyẹn, ó pè é ní C10K (10K ni ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá).

select, àṣẹ tí ètò fi ń bi ẹ̀rọ pé ìsopọ̀ wo ló ti ṣe tán, ti wà látọdún 1983 nínú 4.2BSD (ẹ̀yà Unix kan) lóòótọ́, àmọ́ ṣe ló dà bí ẹni ń kan gbogbo ilẹ̀kùn àdúgbò, "ṣó ti ṣe tán? ṣó ti ṣe tán?", kó tó rí ẹnì kan péré tó ti ṣe tán. FreeBSD wá mú kqueue jáde ní 2000, Linux mú epoll dé ní 2002, àwọn méjèèjì á kàn sọ èyí tó ti ṣe tán fún ẹ. Ìyẹn ló jọ ti mẹkáníìkì tó ní máa lọlé, tí mo bá parí màá fláàṣì ẹ.

Igor Sysoev ní Rọ́ṣíà fi irú ọgbọ́n yìí kọ nginx (sáfà bíi Apache), ó gbé e síta ní 2004. Àwọn Python ní Twisted, àwọn Java ní Netty fún irú iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́ ọ nígbà yẹn mọ̀ pé orí fífọ́ ni.

Ibẹ̀ ni Ryan Dahl, ẹni tó ṣe Node.js (ohun tó ń jẹ́ kí JavaScript ṣiṣẹ́ lórí sáfà láìsí browser), ti wọlé. Ó ti gbìyànjú èdè C, Lua àti Haskell, kò bá a lára mu. Ìgbà tí Google gbé V8 (ẹ́ńjìnnì tó ń mú JavaScript ṣiṣẹ́) jáde pẹ̀lú Chrome ní 2008 ló rí i pé JavaScript ò tíì ní ọ̀nà kankan tó fi ń ka fáìlì tàbí bá nẹ́tíwọ̀kì sọ̀rọ̀, kò sí àṣà dídúró tó fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà lé lórí (èmi ò mọ ẹni tí ì bá ronú kan JavaScript, tá a fi ń ṣe bọ́tìnì). Àwọn oníṣẹ́ browser ti mọ callback (kóòdù tí wọ́n á pè tí iṣẹ́ kan bá parí) bí ẹni mowó tẹ́lẹ̀. Ní November 2009, ó fi Node han àwọn èèyàn ní JSConf EU, ìpàdé àwọn oníṣẹ́ JavaScript, ní Berlin, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un gan-an.

Promise (ohun tó dúró fún èsì tó ṣì ń bọ̀, òun ni async await dúró lé) ti wà nínú Node ní June 2009 o! Dahl fúnra ẹ̀ ló yọ ọ́ ní February 2010, a wá ń di callback sínú callback kiri, àfi ìgbà tí async await wọ Node 7.6 ní 2017. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní Berlin kan náà, ó ka yíyọ tó yọ ọ́ mọ́ àwọn ohun tó kábàámọ̀.