Ibojì tí kò sí òkú nínú rẹ̀: bí ibi ìrántí àwọn ológun ṣe ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó

Nílẹ̀ Yorùbá, bí ẹnì kan bá kú sí ìdálẹ̀ tí òkú rẹ̀ kò ṣeé gbé wálé, irun orí àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n máa ń mú wá kí ẹbí lè rí nǹkan sin. Ogun Jámánì, 1914 sí 1918, ba ètò yẹn jẹ́. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ kí wọ́n máa gbé òkú sójà wálé, ìbáà jẹ́ ọ̀gágun, ìbáà jẹ́ sójà lásán. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó kú ní Kámẹ́rùn àti ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà sùn síbi tí wọ́n ṣubú sí. Ohun tí wọ́n wá mọ sílé láti dípò òkú ni wọ́n ń pè ní cenotaph, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí ibojì òfìfo.

Èyí tí Èkó mọ̀ jù ni Sójà Ìdúmọ̀tà: ère idẹ méjì, sójà kan àti aláàárù kan. J. A. Stevenson, ará Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe wọ́n. Ti aláàárù yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, eṣinṣin tó ń kó àrùn ran ẹran pa ẹṣin àti màlúù tó yẹ kó máa fa ẹrù, ọ̀nà mọ́tò kò sì tó nǹkan. Orí èèyàn ni ọta ìbọn, ìrẹsì àti àgọ́ gbà, nǹkan bíi kílógíráàmù 25 lórí ẹnì kan. Ebi àti àìsàn ló pa àwọn aláàárù jù, kì í ṣe ìbọn.

Ère idẹ kì í ṣe gbígbẹ́, dídà ni. Wọ́n á fi ìda mọ ère, wọ́n á fi amọ̀ bò ó, wọ́n á fi iná yọ́ ìda dànù, wọ́n á sì da idẹ yíyọ́ sí àyè tí ìda fi sílẹ̀. Ọgbọ́n tí àwọn ará Ifẹ̀ ti mọ̀ tipẹ́ nìyẹn. Afẹ́fẹ́ òkun Èkó ni ọ̀tá ère idẹ. Bí ara ère bá di àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn, tó sì le mọ́ ọn lára, kò léwu, ààbò ni. Àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń bu bí ìyẹ̀fun ni kí ẹ bẹ̀rù, iyọ̀ ló ń jẹ idẹ láti inú. Omi tó mọ́, ọṣẹ tí kò le àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́; bó bá gbẹ dáadáa, wọ́n á fi ìda pa á. Ẹni tó bá fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á ti ba ojú ère jẹ́. Ẹni tó kùn ún lọ́dà aláwọ̀ wúrà tún burú ju ìyẹn lọ, torí ńṣe ló ti iyọ̀ mọ́nú.

Sójà Ìdúmọ̀tà ti kúrò níbẹ̀. Remembrance Arcade ní Tafawa Balewa Square ni ètò ìrántí ti ń wáyé báyìí, lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sáré ẹṣin tẹ́lẹ̀. Ogun mẹ́ta ló wà fún: ogun Jámánì, ogun Hítílà àti ogun abẹ́lé. Ogun abẹ́lé ló yí ọjọ́ ìrántí ọdọọdún padà. 11 November, ọjọ́ tí ìbọn dákẹ́ ní Yúróòpù ní 1918, ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Ó di 15 January nítorí pé ọjọ́ yẹn ni ogun abẹ́lé parí ní 1970.

Kí ọjọ́ náà tó pé, wọ́n á ti gbàdúrà ní mọ́ṣáláṣí ní Jímọ̀, wọ́n á sì ṣe ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Sunday. Lọ́jọ́ náà gan-an, fèrè ni ọ̀pá ètò. Wọ́n á fọn Last Post, orin tí wọ́n fi ń sọ fún sójà ní bárékè pé ilẹ̀ ti ṣú, kó lọ sùn. Ìdákẹ́jẹ́ tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni Reveille, orin ìjí òwúrọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni òru tó wà láàárín méjèèjì, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá sọ̀rọ̀ síbẹ̀ fi ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Gómìnà, àwọn ọ̀gá ológun, àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì àti aṣojú àwọn opó á gbé òdòdó kalẹ̀, ìbọn á dún, wọ́n á sì tú ẹyẹlé sílẹ̀. Àmì àlàáfíà ni wọ́n ní ẹyẹlé jẹ́, ṣùgbọ́n ti Yorùbá ló bá sójà mu jù: ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá dọjọ́ ikú kó yẹrí. Bó bá kọ̀ tí kò fò, àwọn èèyàn á máa túmọ̀ àmì. Kò sí àmì níbẹ̀. Ó ti pẹ́ jù nínú àgò lábẹ́ oòrùn ni.

Orúkọ ni nǹkan tó gba iṣẹ́ jù. Commonwealth War Graves Commission, àjọ tó ń tọ́jú sàréè àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì àti ti àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1917, ní sàréè ní itẹ́ òkú Yábàá pẹ̀lú. Òfin wọn ni pé ipò kò gbọ́dọ̀ fi òkúta ẹnì kan ga ju ti ẹlòmíràn lọ. Èyí tí wọ́n ń lò jù ga ní sẹ̀ǹtímítà 81, ó fẹ̀ ní 38, ó sì nípọn ní ìwọ̀n 7.6. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí àjọ náà fúnra rẹ̀ gbé jáde ní 2021 jẹ́wọ́ pé òfin yìí kò dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn. Láti inú ogun 1914 sí 1918 nìkan, èèyàn bíi 45,000 sí 54,000, tí ará Íńdíà àti Áfíríkà pọ̀ jù nínú wọn, ni ìrántí wọn kò bá ti àwọn yòókù dọ́gba. Ó kéré tán, 116,000 mìíràn ni wọn kò kọ orúkọ wọn rárá, iye náà sì lè tó 350,000. Bí aláàárù ṣe dúró lórí òkúta ní Ìdúmọ̀tà láìsí orúkọ nìyẹn.

Ẹni tó bá ń wá bàbá ńlá rẹ̀ lè wá a lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì àjọ náà. Kí ó kọ orúkọ láìsí àmì ohùn, torí bí akọ̀wé ṣe gbọ́ ọ ló kọ ọ́. Kí ó tún dán orúkọ ìlú wò ní àyè orúkọ ìdílé: “Ibadan” tàbí “Ilorin” ni wọ́n fi so mọ́ orúkọ ọ̀pọ̀ sójà. Nọ́ńbà sójà ló dájú jù. Bí àmì ẹ̀yẹ ogun Jámánì bá ṣì wà nílé, kí ó wo etí rẹ̀ tàbí ẹ̀yìn rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n tẹ nọ́ńbà sí. Ti ogun Hítílà kì í sábà ní in.